Bí Ọmọ́wùmí Ṣe Wá Àrùn Inú Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Rí

Bí ẹ bá bi Ọmọ́wùmí ní ohun tí kò mọ̀, kò ní purọ́ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n, kò sì ní sọ pé òun ò mọ̀ kó wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, yóò wò ó dé ìdí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó rí i pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìtìjú.

Ilé Alájì Gàrúbà ní Ìkirè ni gbogbo wa jọ háyà. Ọmọ́wùmí àti ọkọ rẹ̀, Barnabas káfíńtà, ló ń gbé apá iwájú. Èmi, tí mo jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wà ní ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Ọmọ́wùmí, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́bí rẹ̀, Adésọjí, ni gbogbo ilé fi ń pè é: Ìyá Sọjí. Ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ògiri pálọ̀ wọn ni Sàlámọ̀tù, tí a ń pè ní Ìyá Ṣàmsú, ti ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ń lò. Bó bá ti tàn án báyìí, gílóòbù inú ilé á ṣẹ́jú, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Iṣẹ́ taipíìsì ni Ọmọ́wùmí kọ́ látìgbà èwe. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ti Ìkirè lọ, ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lójoojúmọ́, títí di ọdún 1984 tí wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, tí orúkọ tirẹ̀ náà sì wà lára wọn. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, ó ra taipuráítà àlòkù kan, ó gbé e sí pálọ̀, ó sì ń tẹ ohunkóhun tí èèyàn bá gbé wá: ìwé ìwáṣẹ́, ètò ìsìnkú, ìbéèrè ìdánwò fún àwa olùkọ́. Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tó bá tẹ ìwé tán, kì í kà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn pátápátá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa kà á bọ̀ lókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn.

"Kí ló dé tó o fi ń kàwé bí akàn?" ni mo bi í nígbà kan.

"Tí mo bá kà á bó ṣe yẹ, ìtumọ̀ rẹ̀ á tàn mí jẹ," ló dá mi lóhùn. "Ojú á rí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kò ní rí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Tí mo bá kà á sẹ́yìn, kò sí ìtumọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù."

Ní ọdún 1996, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Dúrótìmí, ti òkè òkun dé, ó sì gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá fún un pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa tó ní irú ẹ̀ nílé. Barnabas kan tábìlì fún un láti inú pákó tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fá a títí tí ó fi ń dán. Rùfáì, ọmọ Ìkirè tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, tó sì ti kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, ló wá tò ó pọ̀ fún un, tó sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọmọ́wùmí kọ́kọ́ ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀, tó pa á rẹ́, tó sì tẹ èyí tó tọ́ dípò rẹ̀ láìfa pépà kankan ya. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí bọ́tìnnì, ó ń wo ojú ẹ̀rọ náà.

"Gbogbo pépà tí mo ti fà ya láyé mi," ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ṣe ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, àwọn àgbà akọrin ní orin tí àwọn tó ṣáájú wọn fi lé wọn lọ́wọ́, orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí. Orí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ni àwọn àgbà náà sì ń lọ. Ọmọ́wùmí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa wá kọrin fún òun ní pálọ̀, òun á máa tẹ̀ ẹ́, kó lè di ìwé. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ àmì ohùn, nítorí náà tó bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán, bírò ló fi ń fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa. Ni òwúrọ̀ ọjọ́ kan bá dé, ó tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì dúdú kirimú. Ọ̀rọ̀ funfun kan ló jáde níbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé fáìlì kan tí ẹ̀rọ náà fi ń dìde kò sí níbi tó yẹ kó wà.

"Ṣé ó ti kú ni?" Barnabas béèrè.

"Kò kú," Rùfáì ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é dé. Ó gbé àwọn fúlọ́pì rẹ̀ jáde, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó nǹkan inú kọ̀ǹpútà pa mọ́ sí, ó ń ki wọ́n bọ ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún gbogbo ètò tó ń gbé e dìde kó sínú rẹ̀ lákọ̀tun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ọmọ́wùmí ti ń fi àwọn orin náà pa mọ́ sórí fúlọ́pì, wọn ì bá ti bá a lọ. Ẹ̀rọ náà dìde, gbogbo wa sì dúpẹ́.

Kò pẹ́ púpọ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì mìíràn ló sọ nù lọ́tẹ̀ yìí. Rùfáì tún un ṣe. Ó tún padà bàjẹ́, fáìlì mìíràn pátápátá. Rùfáì ronú pé fáírọ́ọ̀sì ni, àrùn tí kọ̀ǹpútà máa ń kó láti orí fúlọ́pì, ó fọ gbogbo inú ẹ̀rọ náà mọ́, Ọmọ́wùmí kò sì jẹ́ kí fúlọ́pì ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ó bàjẹ́. Wọ́n ra sitẹbiláísà láti máa gba iná dúró. Ó bàjẹ́. Àwọn kan nínú ìjọ ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀, wọ́n wá gbàdúrà sí i. Ọmọ́wùmí kúnlẹ̀, ó ṣe àmín tọkàntọkàn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní fún mi pé, "Àdúrà dáa. Ọlọ́run tó gbọ́ ọ náà ló fún mi ní ojú tí mo fi ń wò ó."

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Rùfáì fi sọ gbólóhùn kan tó dá wàhálà sílẹ̀, láìmọ̀. Ó ní iná tó bá ń fà, tó ń lọ sókè sódò, lè ba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Barnabas kò dúró gbọ́ ìyókù. Ojú ògiri tó wà láàárín pálọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀rọ ata ló ń wò.

Ó gba ọ̀dọ̀ Alájì Gàrúbà lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun Àsárì tán, Alájì pe gbogbo ará ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Alájì, ẹ ṣàánú wa," Barnabas bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí Ìyá Ṣàmsú bá ti tan ẹ̀rọ, iná ilé wa á fà. Iná tó ń fà yẹn ló ń ba kọ̀ǹpútà ìyàwó mi jẹ́. Iṣẹ́ Ọlọ́run ló ń fi ṣe. Ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ ata náà kúrò níbí."

Sàlámọ̀tù dìde. Kò pariwo. "Níbo ni kí n gbé e lọ, Alájì? Ẹ̀rọ yìí ni mo fi tọ́ Ṣàmsúdéènì lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ibí yìí ni gbogbo oníbàárà mọ̀ mí sí." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò wo Barnabas. Ọmọ́wùmí ló ń wò.

Alájì yíjú sí Ọmọ́wùmí. "Ìyá Sọjí, ìwọ lo ni kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ̀rọ ata ló ń bà á jẹ́?"

Gbogbo wa ti mọ èsì tó máa fọ̀, tàbí ká sọ pé a rò pé a mọ̀ ọ́n.

"Alájì, mi ò mọ̀," ló wí.

"O ò mọ̀ kẹ̀?" Barnabas yí padà sí i.

"Mi ò mọ̀, Bàbá Sọjí. Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè má jẹ́ òun. Mi ò tíì rí ohun tó fi hàn mí." Ó wá kọjú sí Alájì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì lé Ìyá Ṣàmsú. Mo ní ẹ̀gbọ́n ní Àpòmù. Kò sí ẹ̀rọ ata ní ìtòsí ilé wọn. Màá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ síbẹ̀, màá máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Tó bá yè kooro, a mọ̀ pé iná ibí ló ń ṣe é. Tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ náà, a ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀rọ ata mọ́."

Alájì mi orí díẹ̀díẹ̀. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wá rojọ́ tiẹ̀." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ara gbogbo wa sì rọ̀ díẹ̀.

Ara Barnabas nìkan ni kò rọ̀. Ó dùn ún pé ìyàwó rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọ́wùmí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn wọlé, òun kúnlẹ̀ fún un. "Mo mọ̀ pé tèmi lẹ ń jà fún," ó ní òun wí fún un. "Ṣùgbọ́n ká ní a lé e, tí kọ̀ǹpútà sì tún bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ojú wo la máa fi wo Ìyá Ṣàmsú?" Nígbà tílẹ̀ mọ́, Barnabas fúnra rẹ̀ ló fi fóòmù wé kọ̀ǹpútà náà àti ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, tó fi okùn dì wọ́n, tó sì gbé wọn dé ibùdókọ̀.

Takisí tó ń gba Àpòmù lọ Ìkòyí ni Ọmọ́wùmí wọ̀, ó gbé àpótí kọ̀ǹpútà lé itan, ó sì dì í mú gírígírí nínú gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà. Awakọ̀ ń wò ó nínú díńgí. "Madam, na pikin you carry?"

"Pikin ni o," Ọmọ́wùmí dá a lóhùn. "Rọra wà wá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àmọ̀kẹ́, ń ta gàrí àti epo pupa lẹ́bàá títì Àpòmù. Ó fún un ní yàrá kan, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé nítorí àpótí yìí lo ṣe fi ilé ọkọ sílẹ̀?" Láàárọ̀, Ọmọ́wùmí á tẹ orin. Lọ́sàn-án, á tún tẹ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ó ń ṣiṣẹ́ bí èyí tí kò ṣàìsàn rí. Ó sọ fún mi pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni inú òun ń bàjẹ́ tó. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí òun á ṣe lọ bá Sàlámọ̀tù, àti ohun tí òun á wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, tí páànù òrùlé ń ta páró-páró, ojú ẹ̀rọ náà dì gbagidi. Ó pa á, ó tún un tàn. Ojú dúdú. Ọ̀rọ̀ funfun. Fáìlì kan ti sọ nù.

Ó hó yèè. Àmọ̀kẹ́ ju igbá gàrí sílẹ̀ ní títì, ó sá wọlé. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ó ti bàjẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bàjẹ́!"

"Ó bàjẹ́, o wá ń jó?"

Ó ń jó lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀ padà sí Ìkirè. Kò tíì wọ ilé rẹ̀ tó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ata. Sàlámọ̀tù ń da ata sínú ẹ̀rọ fún oníbàárà. Bó ṣe rí Ọmọ́wùmí, ó pa ẹ̀rọ náà, ó dúró.

"Ìyá Ṣàmsú, kì í ṣe ẹ̀rọ yín," Ọmọ́wùmí wí. "Ó bàjẹ́ ní Àpòmù."

Sàlámọ̀tù jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó ní ata ló ta sí òun lójú. "Aliamudulilahi," ló ń wí. "Ọlọ́run á bá ọ rí tìẹ náà, ọmọ ìyá mi." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Barnabas gbé àpótí irin-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó tún ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ti ń wọ́lẹ̀ kàn, ó fi pákó tuntun sí ìdí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Nígbà tó parí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá Ṣàmsú. Mo yára jù." Obìnrin náà ní kó dìde, pé òun ti gbàgbé.

Báyìí, ẹ̀rọ ata ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣàìsàn. Rùfáì ti ń sọ pé ó jọ pé kí wọ́n wá dísìkì mìíràn, èyí tí ẹ̀rọ náà ń kó gbogbo nǹkan pa mọ́ sí. Ọmọ́wùmí ní kó fún òun láyè díẹ̀. Ó kó àwọn orin tó tẹ̀ jáde ní Àpòmù sílẹ̀, ó mú bírò láti fi àmì sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Níbi tó yẹ kí "Oluwa" wà, "Onuwa" ló wà níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ bínú sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tẹ̀wé, ó sì mọ àṣìṣe ìka rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Ìka tó bá fẹ́ tẹ L lè ṣèèṣì bọ́ sórí K tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò lè fò lọ bá N nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìka mìíràn pátápátá ló ń tẹ ìyẹn. Ó wá lọ tú ìwé tó ti tẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀, kó tó fi orin kan kún ojú ewé yẹn. "Oluwa" ló wà níbẹ̀ rekete. Láàárín ìgbà náà, kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ka ìyókù. Ó rí "ine" níbi tó ti tẹ "ile". Ó rí "kfe" níbi tó ti tẹ "ife".

"Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀," ló wí fún mi, ojú rẹ̀ ń tàn. "Kì í ṣe èmi."

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e dìde. Ó tẹ lẹ́tà l nìkan, ó tẹ̀ ẹ́ kún ojú ewé, ó ní kí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀dà rẹ̀ títí ó fi di ojú ewé rẹpẹtẹ. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná dáadáa nínú ooru ọ̀sán, ó kó o pa mọ́, ó tún un ṣí, ó wá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo jókòó tì í. Ojú mi ti ń ṣú kí ó tó fi ìka kan ojú ẹ̀rọ náà: láàárín ogunlọ́gọ̀ l, n kan dúró níbẹ̀. Ó tún rí òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí lẹ́tà mìíràn tó yọjú, àfi n. Ó tẹ lẹ́tà e kún ojú ewé, g ló rí níbẹ̀. Ó wá tẹ lẹ́tà n fúnra rẹ̀, kò sí èyí tó yí padà.

Ó ránṣẹ́ pe Rùfáì. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń wo ojú ẹ̀rọ náà.

"Mọ̀mí," ló wá wí, "ẹ ka ábídí Gẹ̀ẹ́sì fún mi láti ibi e."

"E, f, g."

"Láti ibi i."

"I, j, k."

"Láti l?"

"L, m..." Ọmọ́wùmí na ìka sí ojú ẹ̀rọ náà. "N. Méjì-méjì ló ń fò."

"Nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà nínú ẹ̀rọ. Ibì kan wà nínú ẹ̀ tó ń fi méjì kún ohun tá a bá gbé síbẹ̀, àfi tí méjì yẹn bá ti wà nínú nọ́ńbà náà tẹ́lẹ̀, bíi ti n." Rùfáì fa àga, ó jókòó, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó rí ohun tó sọ nù. "Kì í ṣe dísìkì. Dísìkì dà bí àpótí téèyàn ń kó aṣọ sí. Mẹ́mọ́rì ni ọwọ́ tó ń gbé aṣọ náà. Àpótí ò lẹ́bi, ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń dìde náà, ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń gbà kọjá tó bá ń tún wọn kọ. Èmi gan-an, gbogbo ìgbà tí mo bá ń kó wọn padà sínú ẹ̀, ọwọ́ kan náà ni mò ń fi wọ́n lé."

"Tó bá gbóná ló máa ń gbọ̀n jù," Ọmọ́wùmí fi kún un.

"Òótọ́ ni. Ẹ wò ó, dísìkì ni mo fẹ́ ní kí ẹ pààrọ̀. Ẹ ṣeun, Mọ̀mí."

"Ìwọ lo mọ ohun tí méjì-méjì yẹn túmọ̀ sí," ló dá a lóhùn. "Èmi kàn rí i ni."

Wọ́n jọ tú ẹ̀rọ náà. Àwọn pátákó pẹlẹbẹ kéékèèké kan tò sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ni mẹ́mọ́rì. Rùfáì yọ ọ̀kan, Ọmọ́wùmí tẹ l kún ojú ewé, wọ́n jẹ́ kó gbóná, wọ́n wá n nínú rẹ̀. N ṣì wà. Wọ́n dá ìyẹn padà, wọ́n yọ òmíràn. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, Ọmọ́wùmí kò gbà kí wọ́n kánjú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n yọ pátákó kan, tí l dúró ní l láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dá a padà láti mọ̀ dájú, n yọjú. Wọ́n yọ ọ́ tán pátápátá. Ẹ̀rọ náà kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Rùfáì kó gbogbo ètò sínú rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì ń jí láràárọ̀ láìsọ fáìlì kankan nù. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, ó ń jí.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbà pé iṣẹ́ parí. Ọmọ́wùmí ronú sí i, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lójú rẹ̀: tí ẹ̀rọ náà bá lè sọ "Oluwa" di "Onuwa" láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kò sí orin kan nínú gbogbo ohun tó ti tẹ̀ tó lè fọkàn tán. Ó pinnu láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà akọrin tún padà wá sí pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń kọrin, ó ń fi bírò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn lórí pépà; tí wọ́n bá lọ tán, á tún kà á sẹ́yìn. Mo bá a ka díẹ̀ nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ó sì rẹ̀ mí kíákíá. Kò rẹ̀ ẹ́. Ìgbà mìíràn Sàlámọ̀tù á dá iṣẹ́ ata dúró nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́, kí ariwo má baà bo ohùn àwọn àgbà náà mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àgbà kan wà lára wọn, Bàbá Olúrótìmí, tí ohùn rẹ̀ ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ògbólógbòó. Ó ní orin kan tí òun nìkan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ ọ́n, orin tí wọ́n máa ń kọ fún ẹni tó ń múra ìrìn àjò jíjìn. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó rántí ẹsẹ tó gbẹ̀yìn. Á kọ ọ́ dé ààbọ̀, á dúró, á ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ ronú. Ọmọ́wùmí á ní, "Ẹ má dààmú, Bàbá, a wà níbí." Ọjọ́ tó rántí rẹ̀, ó kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, ó sì ní kí Ọmọ́wùmí ka ohun tó tẹ̀ sí òun létí. Ó kà á. Bàbá náà ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Ìwé orin náà jáde ní ọdún 1998. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìjọ Ìkirè, wọ́n sì mú díẹ̀ lọ sí Àpòmù. Ní ọdún kejì, Bàbá Olúrótìmí kú lójú oorun. Ọjọ́ tí wọ́n ń sin ín, àwọn akọrin to ìlà, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí kò tíì gbọ́ orin ìrìn àjò yẹn rí kí ìwé náà tó jáde. Wọ́n ṣí i, wọ́n sì kọ ọ́ tán, títí kan ẹsẹ tó gbẹ̀yìn. Barnabas ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ́wùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ẹ̀yìn gbogbo èrò, ìwé náà wà ní pípadé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá wọn kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.